Láptọ́ọ̀pù mi so mọ́ WiFi ilé kọfí l'Òkè-Fìà, àmọ́ kò sí íntánẹ́ẹ̀tì

Àṣàkẹ́_ÒkèFìà | Ọjọ́ Ajé, 10:42 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé, àtàgbà àtọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé kọfí kan wà nítòsí oríta Òkè-Fìà l'Óṣogbo níbí tí mo ti ń lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, torí iná kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa, dátà fóònù mi kò sì lè gbé iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì ni. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní kí n gbé gbogbo rẹ̀ sórí ayélujára kó tó di Ọjọ́bọ̀, àwòrán inú rẹ̀ sì pọ̀, ó wúwo.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Tí mo bá ra nǹkan, wọ́n á fún mi ní bébà kékeré tí wọ́n tẹ kóòdù sí, ti wákàtí 3 ni. Lórí fóònù, bí mo bá ti fọwọ́ kan orúkọ WiFi wọn, ojú ewé kan á yọ pé kí n tẹ kóòdù. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́. Lórí láptọ́ọ̀pù, ó á kọ "Connected", kò ní pẹ́ tí á tún fi kọ "No internet, open". Ojú ewé kóòdù yẹn kò yọ rí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo bá ṣí Google, á ní òun kò rí i. Láptọ́ọ̀pù yìí kan náà ń lo WiFi ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ògo-Olúwa láìsí wàhálà. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀.

Akínkanjú_Ìgbọ̀nà | 10:51 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́ o. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn jù. Lọ síbi WiFi, wá orúkọ ilé kọfí yẹn, tẹ "Forget". Pa láptọ́ọ̀pù, tún un tàn, kí o wá so ó pọ̀ lákọ̀tun. Èmi ti bọ́ nínú irú ẹ̀ báyìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ_Atáọ́ja | 11:03 àárọ̀

Windows 10 yẹn ni. Microsoft ti jáwọ́ lára rẹ̀ láti October 2025. Gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, kí ó fi Windows 11 sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òní ni WiFi, ọ̀la nǹkan mìíràn ni.

Atúnkọ̀ǹpútàṢe | 11:20 àárọ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yìí pa inú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ àṣekágbá wà nínú rẹ̀! Mo bẹ̀ yín. Lóòótọ́ ni Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025, ó sì yẹ kó ronú lé e lórí tó bá yá. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tó ń lo WiFi ní Ògo-Olúwa kò bàjẹ́. Ohun kan wà láàárín òun àti WiFi Òkè-Fìà tí wọn kò jọ gbọ́ra wọn yé.

Àbúrò mi, ọdún pípẹ́ ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lágbègbè Ọlá-Ìyá, irú èyí sì ń dé ọ̀dọ̀ mi lemọ́lemọ́. WiFi ilé kọfí kò dà bí ti ilé. Ti ilé, bí o bá ti ní páásíwọ́ọ̀dù, o ti wọ yàrá. Ti ilé kọfí, géètì nìkan ló ṣí sílẹ̀. O ti wọ àgbàlá, ìdí nìyẹn tí ó fi ń kọ "Connected", àmọ́ mẹ́gàdí ṣì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì ní jẹ́ kí o kọjá láìfi kóòdù hàn án. Ojú ewé tó ń béèrè kóòdù yẹn gan-an ni mẹ́gàdí.

Báwo ni ojú ewé náà ṣe ń yọ? Bí Windows bá ti so mọ́ WiFi kan, ó máa ń rọra kan ilẹ̀kùn ojú òpó kékeré kan tí Microsoft ní, msftconnecttest.com, kí ó lè mọ̀ bóyá íntánẹ́ẹ̀tì wà. Http ló fi ń kàn án, ìyẹn ọ̀nà tí kò ní ààbò, kì í ṣe https tó ń di ọ̀rọ̀ ní dídì, kí mẹ́gàdí lè dá a dúró lọ́nà, kí ó darí rẹ̀ sí ojú ewé kóòdù. Tí ìdarí yẹn bá kùnà, ojú ewé kò ní yọ. Bí ìwọ náà bá wá lọ tẹ Google, https ni Google ń lò. Bráúsà rẹ kò ní gbà kí ẹlòmíràn jókòó sípò Google, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ mẹ́gàdí kò rí ọ̀nà bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ṣe èyí:

Bí o bá ní VPN kankan (áàpù tó ń mú ẹ̀rọ gba ọ̀nà mìíràn kọjá sí ayélujára), pa á. Lẹ́yìn náà tẹ neverssl.com sínú bráúsà. Torí àtifa irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ jáde ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, kì í lo https rárá. Bí kò bá yọ, ṣí Command Prompt (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows), tẹ ipconfig /all, kí o wá sọ ohun tí ó kọ síwájú IPv4 Address, Default Gateway àti DNS Servers fún mi.

ÌyáÌbejì_Alẹ́kúwodò | 11:38 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àṣàkẹ́ ọmọ mi, wo aago àti déètì láptọ́ọ̀pù rẹ pẹ̀lú. Èmi ń ta àdìrẹ lórí ayélujára, inú irú ilé kọfí bẹ́ẹ̀ ni mo ti máa ń gbé àwòrán sókè. Ìgbà kan wà tí gbogbo ojú òpó tí mo bá ṣí ń pariwo pé kò sí ààbò. Mo rò pé WiFi ni. Déètì kọ̀ǹpútà mi ló ti padà sẹ́yìn ní ọdún púpọ̀, torí bátìrì kékeré inú rẹ̀ tó dà bí owó ẹyọ ti kú. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tán.

Olùkọ́_Ìlobùú | 12:05 ọ̀sán

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ sì ti fo ohun kan tó hàn gbangba. Ọmọ náà sọ pé òun ti lo kóòdù lórí fóònù. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ irú kóòdù bẹ́ẹ̀ wà fún. Bí fóònù bá ti gbà á, ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín WiFi, ti kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yẹn sílẹ̀, ẹ̀rọ kejì kò rí i lò mọ́. Kí ó lọ gba kóòdù mìíràn, ọ̀rọ̀ tán.

Atúnkọ̀ǹpútàṢe | 12:11 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ta kò yín. Bó bá jẹ́ ti kóòdù ni, ojú ewé náà á yọ, yóò wá kọ kóòdù náà lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́. Tirẹ̀ kò yọ rárá. Mẹ́gàdí kò tíì rí kóòdù sójú, káńbọ̀sí pé yóò kọ̀ ọ́.

Olùkọ́_Ìlobùú | 12:19 ọ̀sán

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ mi sọ́kàn.

Àṣàkẹ́_ÒkèFìà | 1:34 ọ̀sán

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti padà síbẹ̀. Mo ṣe "Forget", mo pa á, mo tún un tàn, kò yí padà. Déètì rẹ̀ pé pérépéré, Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. N kò ní VPN. Neverssl kò ṣí, ohun tí bráúsà kọ ni "DNS_PROBE_FINISHED_NO_INTERNET".

Ohun tí ẹ ní kí n wò, bọ̀dá mi:
IPv4 Address: 10.5.50.37
Default Gateway: 10.5.50.1
DNS Servers: 8.8.8.8 àti 8.8.4.4

Atúnkọ̀ǹpútàṢe | 1:47 ọ̀sán

A ti rí i. Ta ló fi 8.8.8.8 sí i?

DNS ni ó ń sọ orúkọ ojú òpó di nọ́ńbà. Kọ̀ǹpútà kò mọ neverssl.com lórúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ béèrè nọ́ńbà náà lọ́wọ́ ẹnì kan. Tirẹ ti gba àṣẹ pé 8.8.8.8 ti Google nìkan ni kó máa bi. Google wà níta, ìwọ sì wà nínú àgbàlá. Mẹ́gàdí ọ̀pọ̀ ilé kọfí kì í jẹ́ kí ìbéèrè jáde kó tó rí kóòdù. Ọwọ́ òun tìkára rẹ̀ ni ó fẹ́ kí o ti béèrè. Láptọ́ọ̀pù rẹ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fóònù rẹ kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi yọ lórí rẹ̀.

Tẹ àmì Windows pẹ̀lú R, kọ ncpa.cpl, tẹ Enter. Fi ọ̀tún máòsì tẹ Wi-Fi, yan Properties. Tẹ Internet Protocol Version 4 lẹ́ẹ̀mejì. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, yan "Obtain DNS server address automatically", kí o tẹ OK. Padà sí Command Prompt, tẹ ipconfig /flushdns. Yọ ara rẹ kúrò lórí WiFi, kí o tún so ó pọ̀.

Adé_Ìbàdàn | 1:58 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, kò dìgbà tí ó bá tú gbogbo ìyẹn. Kí ó tẹ 10.5.50.1 sínú bráúsà tààrà. Nọ́ńbà mẹ́gàdí nìyẹn, kò nílò DNS láti dé ibẹ̀. Ojú ewé á yọ. Bó bá ti fi kóòdù wọlé, 8.8.8.8 náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn n'Íbàdàn, n kì í fọwọ́ kan DNS mi.

Atúnkọ̀ǹpútàṢe | 2:06 ọ̀sán

Òótọ́ lo sọ, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀. Kì í ṣe níbi gbogbo. Àwọn mẹ́gàdí kan wà tí ó jẹ́ pé bí o bá tẹ nọ́ńbà wọn, wọ́n á darí rẹ sí orúkọ kan, bí o bá sì ti nílò orúkọ, o tún ti padà sídìí DNS. Àbúrò, gbìyànjú ti Adé ná, ìṣẹ́jú kan ni. Bó bá kọ̀, ṣe tèmi.

Ẹni_Ìdí_Kọfí | 2:40 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Ilé kọfí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tí Àṣàkẹ́ ń lọ o, tiwa kò jìnnà sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èmi ni mo ń bójú tó ráútà wa, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn káńtà.

Ohun àkọ́kọ́: kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ bi wá. Àwọn oníbàárà mìíràn á jókòó fún wákàtí kan gbáko, wọ́n á máa bá láptọ́ọ̀pù jà, wọ́n á dìde láìsọ ohun kan. Ó ń dùn mí, torí ohun tí mo lè ṣe ní ìṣẹ́jú méjì ni.

Èkejì: ọ̀rọ̀ tí Olùkọ́ sọ kì í ṣe irọ́. Lọ́dọ̀ wa, kóòdù kan, ẹ̀rọ kan. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá sọ fún mi pé fóònù ló gbà á, mo lè yọ fóònù náà kúrò kí láptọ́ọ̀pù fi wọlé. Ẹ tún kíyè sí i pé Windows ní ohun kan tó ń jẹ́ "Random hardware addresses", tó ń pààrọ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ tí Olùkọ́ sọ. Bí ẹ bá sọ pé kó máa yí padà lójoojúmọ́, kóòdù ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí ẹ rà lánàá kò ní dá yín mọ̀ lónìí. Ẹ̀rọ tuntun ni ráútà ń rí.

Ẹ̀kẹta, èyí tó fún mi ní wàhálà jù lọ: nígbà ọdún Ọ̀ṣun, lóṣù August, tí àlejò kún ìlú, WiFi wa kàn ń kọ àwọn èèyàn ni. Wọ́n ń so mọ́ ọn, àmọ́ bí ẹ bá wo àdírẹ́sì wọn, IPv4 Address yẹn, 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí 169.254, ẹ má ṣe fọwọ́ kan DNS, ẹ má ṣe béèrè kóòdù. Ó túmọ̀ sí pé ráútà kò fún yín ní àdírẹ́sì kankan, láptọ́ọ̀pù ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí tó ń lò. Àyè 253 ni ráútà wa ní, mo sì ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀kan mú un fún wákàtí 24. Ẹni tó mu kọfí láàárọ̀ tó ti lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun, àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì! Nígbà tí mo sọ ọ́ di wákàtí kan, àyè yọ. Bí irú rẹ̀ bá bá yín, ẹ tẹ ipconfig /release, kí ẹ tẹ ipconfig /renew tẹ̀ lé e. Bí kò bá gbọ́, ọ̀dọ̀ onílé kọfí ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín.

Akínkanjú_Ìgbọ̀nà | 3:02 ọ̀sán

Ohun kan tún wà fún ẹni tí Ọjọ́bọ̀ ń lé bọ̀. Fi okùn tí o fi ń gba iná sí fóònù so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù. Jẹ́ kí fóònù wà lórí WiFi ilé kọfí, kí o wá tan "USB tethering" lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ Android, WiFi tí fóònù ń lò ni yóò gba inú okùn kọjá sí láptọ́ọ̀pù. Dátà rẹ kò ní lọ. Ṣáà rí i dájú pé WiFi kò já, torí bó bá já, inú dátà ló máa bọ́ sí.

Ẹni_Ìdí_Kọfí | 3:10 ọ̀sán

Ó ń ṣiṣẹ́. Èmi kò ní bínú sí oníbàárà tó bá ṣe é, torí ẹnì kan náà ló ń lò ó. Ẹni tó bá fi kóòdù kan pín in fún ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni mo ń bá wí.

ÌyáÌbejì_Alẹ́kúwodò | 4:25 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà níbí. Lóṣù tó kọjá mo rí WiFi méjì tí orúkọ wọn jọra ní ilé kọfí kan, ọ̀kan ní "Free" nídìí. Mo tẹ èyí tó ní "Free". Ojú ewé yọ, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà káàdì ATM mi kí n lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkàn mi kọ̀ ọ́, mo pa á dé. Mo bi ọmọbìnrin ìdí káńtà, ó ní àwọn kò ní WiFi méjì. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ń bà mí láti fi WiFi ìta wo owó mi.

Adé_Ìbàdàn | 4:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ò gbọdọ̀ wo owó lórí WiFi ìta láéláé, mà. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lè ka gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṢe | 4:50 ìrọ̀lẹ́

Adé, ìyẹn ti pọ̀ jù, n kò fẹ́ kí ẹ̀rù lásán ba Mọ̀ọ́mì. Áàpù báǹkì àti ojú òpó tó bá ń lo https ń di ọ̀rọ̀ wọn ní dídì kó tó kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè mọ ojú òpó tí ẹ lọ, kò lè ka páásíwọ́ọ̀dù yín.

Ibi tí ewu wà ni ibi tí Mọ̀ọ́mì fi ọgbọ́n yẹra fún. Ẹnikẹ́ni lè fi fóònù rẹ̀ ṣí WiFi, kí ó fún un ní orúkọ ilé kọfí, kí ó sì kọ ojú ewé èké. Nítorí náà ẹ béèrè orúkọ WiFi gan-an lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kóòdù ni ojú ewé mẹ́gàdí nílò, bóyá nọ́ńbà fóònù. Kò ní ohun kankan í fi nọ́ńbà káàdì yín ṣe níbi tí WiFi ti jẹ́ ọ̀fẹ́, kò ní ohun kankan í fi BVN ṣe níbikíbi. Bí bráúsà bá sì sọ pé ojú òpó báǹkì yín kò ní ààbò, tí déètì yín sì pé, ẹ má tẹ "Proceed". Ẹ jáde.

Lórí láptọ́ọ̀pù, bí Windows bá béèrè irú WiFi tó jẹ́, ẹ yan "Public", kí àwọn tó kù níbẹ̀ má bàa rí fáìlì yín.

Àṣàkẹ́_ÒkèFìà | 6:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti ṣiṣẹ́!

Mo kọ́kọ́ tẹ 10.5.50.1 bí bọ̀dá Adé ṣe wí. Ó yí lọ sí orúkọ kan tó gùn, ó sì kú síbẹ̀. Mo wá ṣe ti DNS. Kí n tó ṣí bráúsà pàápàá, ojú ewé náà ti yọ fúnra rẹ̀. Àyà mi já fún ayọ̀. Mo tẹ kóòdù... ó ní ẹlòmíràn ti ń lò ó. Olùkọ́, ẹ jàre, sà! Ọ̀rọ̀ yín náà wà níbẹ̀, ó kàn dúró de ìgbà tí ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ máa ṣí ni. Mo lọ bá ọmọbìnrin ìdí káńtà, ó yọ fóònù mi kúrò, láptọ́ọ̀pù wọlé. Iṣẹ́ mi ti gòkè, ọ̀gá mi sì ti fèsì pé àwọn rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fi 8.8.8.8 sí i lọ́jọ́sí tí àwọn ojú òpó kan kò ṣí nílé. Ó ń béèrè bóyá mo gbọ́dọ̀ máa dá a padà nígbàkígbà tí mo bá délé.

Atúnkọ̀ǹpútàṢe | 6:30 ìrọ̀lẹ́

A dúpẹ́. Rárá o. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kí wọ́n fi 8.8.8.8 sínú ráútà ilé fúnra rẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ ilé á máa rí i lò, láptọ́ọ̀pù rẹ á sì wà ní "automatically" níbi gbogbo. Wo inú bráúsà rẹ pẹ̀lú, níbi Security, bóyá wọ́n yan ẹnì kan pàtó síbi "Use secure DNS". Ìyẹn náà lè di ojú ewé kóòdù lọ́wọ́ bákan náà.

Olùkọ́_Ìlobùú | 7:05 alẹ́

Inú mi dùn. Ẹ kú ìgbìyànjú, gbogbo yín.

Ẹni_Ìdí_Kọfí | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tán báyìí. Mo ti tún bébà kóòdù wa tẹ̀. Orúkọ WiFi wa gan-an ló wà lókè, nọ́ńbà ráútà wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí ojú ewé kò bá yọ fún, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé a kì í béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti pé kí wọ́n pè mí bí kóòdù bá kọ̀ lórí ẹ̀rọ kejì.